Macgregor Laird: Ọ̀dọ́kùnrin tó fi ọkọ̀ irin wọ Odò Ọya

Tí ẹ bá ń gbé ní Prince George's County, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gba orí afárá Bladensburg kọjá láìmọye ìgbà. Ẹ ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ ń lọ sílé ìwé, tàbí kí màmá yín ti ní kí ẹ sáré lọ ra iṣu àti ata rodo wá. Odò Anacostia ló wà lábẹ́ afárá yẹn. Omi rẹ̀ kò jìn, ẹrẹ̀ ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ kéékèèké alájẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń yá fi ṣeré lẹ máa rí níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá ìlú Bladensburg sílẹ̀ ní ọdún 1742, èbúté gidi ni. Àwọn ọkọ̀ ńlá láti òkè òkun máa ń gúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á kó tábà tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú gbìn, wọ́n á sì padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oko tábà yẹn náà ló pa èbúté ọ̀hún. Wọ́n gé igbó, wọ́n tú ilẹ̀, òjò sì ń gbá erùpẹ̀ lọ sínú odò lọ́dọọdún. Erùpẹ̀ ń ga sí i nísàlẹ̀, omi ń dín kù lókè, títí ọkọ̀ ńlá kò fi lè débẹ̀ mọ́. Bí òwò èbúté náà ṣe kú nìyẹn.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: ibi tí ọkọ̀ bá lè dé ni òwò ń dé, ibi tí òwò bá sì dé, agbára kì í pẹ́ tẹ̀ lé e. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun yóò fi wọ odò tí kò jìn. Odò tó ń rò kì í ṣe Anacostia. Odò Ọya ni, èyí tí òyìnbó ń pè ní Niger. Orúkọ rẹ̀ ni Macgregor Laird. Ó ti lé ní ọgọ́jọ ọdún tó ti kú, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kan Èkó, ó kan àwọn bàbá àgbà wa, ó sì kan àwa tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ yìí.

Ta ni Macgregor Laird?

Ọdún 1808 ni wọ́n bí i ní ìlú Greenock, ní Scotland, létí odò Clyde. Bàbá rẹ̀, William Laird, kó lọ sí agbègbè Liverpool. Ní ọdún 1824, ó dá ilé-iṣẹ́ irin sílẹ̀ ní Birkenhead, ní òdìkejì odò sí Liverpool. Ìkòkò irin ràgàjì tí omi ń hó nínú rẹ̀ fún ẹ̀rọ sítíìmù ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe níbẹ̀.

Iṣẹ́ ìkòkò yìí ló ṣí ojú wọn. Láti ṣe ìkòkò irin, wọ́n á mú irin pẹlẹbẹ, wọ́n á tò wọ́n lé ara wọn létí, wọ́n á lu ihò sí wọn, wọ́n á ki ìṣó gbígbóná bọ ihò náà, wọ́n á sì fi òòlù lù ú títí etí irin méjèèjì yóò fi lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń fi irin há omi mọ́ inú kò ní ṣàìmọ bí a ṣe ń fi irin sé omi mọ́ ìta. Ní ọdún 1829, ìdílé Laird kan ọkọ̀ ojú omi onírin wọn àkọ́kọ́, ọkọ̀ kékeré tó ń kó ẹrù lórí odò. John Laird, ẹ̀gbọ́n Macgregor, ló wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí iṣẹ́ kíkan ọkọ̀. Macgregor ní tirẹ̀ kò fẹ́ jókòó sídìí òòlù. Ibi tí ọkọ̀ lè gbé ènìyàn dé ló ń wù ú.

Odò tí kò sí ẹni tó mọ ẹnu rẹ̀ ní Yúróòpù

Ó pẹ́ gan-an tí àwọn òyìnbó fi mọ̀ pé odò ńlá kan wà ní àárín ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí wọn kò sì mọ ibi tó ti ń ya wọ òkun. Mungo Park kú sínú rẹ̀ ní Bussa níbi tó ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gúnlẹ̀ sí Badagry, wọ́n fi ẹsẹ̀ la ilẹ̀ Yorùbá kọjá, wọ́n dé Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n dé Bussa. Wọ́n wá fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tẹ̀ lé odò náà títí ó fi kó wọn jáde sí òkun ní ibi tí a ń pè ní Niger Delta lónìí.

Àwọn tó ń gbé létí odò náà ti mọ ẹnu rẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ṣùgbọ́n fún àwọn oníṣòwò Liverpool, ìròyìn tuntun gbáà ni. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀nà omi wà láti òkun lọ sí àárín ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ Macgregor Laird lára. Ó gbà pé tí ọkọ̀ ẹlẹ́rọ bá lè máa gun odò náà lọ ra epo pupa àti eyín erin, òwò yẹn yóò lè òwò ẹrú kúrò nílẹ̀. Òun àti àwọn oníṣòwò kan ní Liverpool dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbìyànjú rẹ̀ wò. Kò tíì pé ọmọ ọdún 25 nígbà náà.

Ìṣòro kan ló wà nílẹ̀. Ọkọ̀ tó lè la òkun já máa ń wúwo, ìdí rẹ̀ máa ń rì jìnnà sínú omi. Odò Ọya sì kún fún òkìtì iyanrìn, tó bá sì di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ máa ń fà. Ọkọ̀ tó bá rọrùn fún odò, òkun lè gbé e mì. Èyí tó bá sì tó òkun í gbá, iyanrìn odò ni yóò há sí.

Báwo ni irin ṣe ń léfòó?

Ọkọ̀ méjì ni wọ́n kàn fún ìrìn-àjò náà. Igi ni wọ́n fi kan èyí tó tóbi, Quorra ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ tí àwọn Haúsá ń pe Odò Ọya. Bí ẹ bá ń bi ara yín ibi tí Ìpínlẹ̀ Kwárà ti rí orúkọ, ibẹ̀ náà ni. Irin ni wọ́n fi kan èyí tó kéré, Macgregor fúnra rẹ̀ ló sì ṣètò bó ṣe máa rí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 70, ó jẹ́ tọ́ọ̀nù 55. Alburkah ni wọ́n pè é. Ẹ rọra pe orúkọ náà jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Àlùbáríkà tí ìyá àgbà yín fi ń ṣàdúrà fún yín lórí fóònù náà ni. Láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ Haúsá àti ọ̀dọ̀ tiwa.

Àwọn kan fi ọkọ̀ irin yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà yóò sọ ọ́ di ààrò, yóò sì yan àwọn tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n, gbogbo ìṣó ara rẹ̀ ni yóò bọ́ síta.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Tí ẹ bá ju ìṣó kan sínú omi, yóò rì. Tí ẹ bá gbé abọ́ irin tó fẹ̀ nínú lé omi, yóò léfòó. Irin ni méjèèjì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé abọ́ náà ti omi púpọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó jókòó, omi tó tì náà sì wúwo tó òun fúnra rẹ̀. Nítorí náà, omi yóò gbé e dúró.

Ọkọ̀ igi nílò egungun igi tó nípọn àti pákó tó nípọn kó tó lágbára. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Irin tó wà lára Alburkah kò nípọn ju ìdámẹ́rin íǹṣì lọ. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ irin fi fúyẹ́ ju ọkọ̀ igi tó tóbi bákan náà, tí àyè inú rẹ̀ fi pọ̀, tí ìdí rẹ̀ kò sì fi rì jìnnà sínú omi. Kòkòrò inú òkun tó ń jẹ igi ọkọ̀ kò lè jẹ irin. Bí ó bá sì gbá òkúta, irin lè tẹ̀ láìya, nígbà tí pákó lè fọ́. Ìran Ògún mọ èyí tipẹ́, pé irin tí wọ́n bá lù dáadáa kì í tètè fọ́.

Ìrìn-àjò ọdún 1832: ọkọ̀ yè, ènìyàn kú

Ní oṣù Keje ọdún 1832, wọ́n gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Richard Lander tẹ̀ lé wọn. Alburkah kékeré yẹn la òkun já láìséwu. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ọkọ̀ irin àkọ́kọ́ tó rin irú ìrìn-àjò òkun bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, wọ́n ti dé ẹnu Odò Ọya.

Ní ti ọkọ̀, Laird jàre àwọn tó ń bú u. Alburkah gbá ìsàlẹ̀ odò, kò jò. Oòrùn kò yan ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Quorra tó tóbi ló há sórí òkìtì iyanrìn, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí omi tó padà kún gbé e. Wọ́n dé ibi tí Odò Ọya àti Odò Benue ti pàdé, níbi tí Lọ́kọ́jà wà lónìí. Laird sì gun Benue díẹ̀, òyìnbó àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti ènìyàn, àjálù ni. Òyìnbó 48 ló bá ìrìn-àjò náà lọ. Àwọn mẹ́sàn-án péré ló padà sílé láàyè. Ibà ló pa èyí tó pọ̀ jù. Nígbà yẹn, wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ burúkú tó ń jáde láti inú àbàtà ló ń fà á. Kò sí ẹni tó fura sí ẹ̀fọn, ọdún 1897 ni ìwádìí tó fìdí ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn múlẹ̀ tó dé. Lander ní tirẹ̀, ìbọn ni wọ́n yìn fún un lórí odò náà, ọgbẹ́ yẹn ló sì pa á ní ọdún 1834.

Laird padà sí Liverpool ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1834. Kò rí èrè kankan mú bọ̀, ara rẹ̀ kò sì le mọ́ títí ó fi kú. Òun àti R. A. K. Oldfield, tí òun náà wà nínú ìrìn-àjò yẹn, kọ ìwé nípa ohun tí ojú wọn rí, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1837. Ẹlòmíràn ì bá ti gbàgbé Áfíríkà pátápátá.

Láti Cork dé New York

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á láyè láti padà sórí odò, Laird yíjú sí òkun Àtìláńtíìkì. Ó di akọ̀wé ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ máa fi ọkọ̀ ẹlẹ́rọ kó èrò láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Lákòókò yẹn, ìgbòkun ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fi ń sọdá. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, wọ́n á lọ. Bí kò bá fẹ́, wọ́n á dúró.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń kàn kò tíì parí, àwọn orogún wọn ní Bristol sì ti fẹ́ gbé Great Western, ọkọ̀ tí Brunel ṣe, jáde. Wọ́n bá yá ọkọ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ Sirius. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1838, Sirius kúrò ní Cork ní Ireland, ó sì dé New York ní ọjọ́ 22. Agbára ẹ̀rọ ló fi rìn. Great Western gbéra lẹ́yìn rẹ̀, ó dé ní ọjọ́ kejì. Ayé rí i pé ènìyàn lè sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbéra àti ọjọ́ tó ṣeé ṣe kó gúnlẹ̀, láìwo ojú afẹ́fẹ́.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní ọdún 1841, President, ọkọ̀ ńlá ilé-iṣẹ́ Laird, kúrò ní New York, ó wọ inú ìjì, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ àti gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kò bọ́ nínú àdánù yẹn.

Nǹkan kan tún wà tí irin bàjẹ́, tí wọ́n sì ní láti tún ṣe. Kọ́ńpáàsì tó ń fi àríwá hàn àwọn atukọ̀ kì í sọ òtítọ́ bí irin bá yí i ká. Ní ọdún 1838, George Airy, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, lo Rainbow, ọkọ̀ irin tí John Laird kàn, láti ṣèwádìí. Ó rí i pé bí ènìyàn bá to irin òòfà sí àwọn ibi kan nítòsí kọ́ńpáàsì, òòfà náà yóò borí ìdíwọ́ tí ara ọkọ̀ ń fà. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ irin tó lè máa jìnnà sí etíkun láìṣìnà.

Kẹ̀kẹ́ alájẹ̀ àti propeller

Àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́rọ ìgbà náà ní kẹ̀kẹ́ ńlá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n to pákó sí lára bí àjẹ̀. Ẹ̀rọ á máa yí kẹ̀kẹ́ náà, àjẹ̀ á máa gbá omi. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní àléébù. Bí èédú bá pọ̀ nínú ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ á rì jù. Bí èédú bá tán, kẹ̀kẹ́ á yọ jù. Bí ìgbì bá gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ̀kẹ́ kan á wà nínú omi, èkejì á máa gbá afẹ́fẹ́. Lórí odò, igi tó ń léfòó lè fọ́ ọ.

Propeller yàtọ̀. Abẹ̀bẹ̀ irin ni, ó wà nídìí ọkọ̀ lábẹ́ omi, bó ṣe ń yí ló ń ti omi sẹ́yìn tí ọkọ̀ sì ń lọ síwájú. Ní ọdún 1845, iléeṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì so ọkọ̀ méjì mọ́ra nídìí, kí wọ́n fa ara wọn bí ìgbà tí ọmọdé ń fa okùn. Rattler ní propeller, Alecto ní kẹ̀kẹ́ alájẹ̀, agbára ẹ̀rọ wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jura lọ. Rattler wọ́ Alecto sẹ́yìn tòun ti bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe ń yí. Láti ọjọ́ náà lọ, ìwọ̀nba làwọn tó tún jiyàn.

Pleiad, Crowther àti kúníìnì

Ní ọdún 1841, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rán ọkọ̀ irin mẹ́ta tí John Laird kàn lọ sí Odò Ọya: Albert, Wilberforce àti Soudan. Òyìnbó tó lọ tó 145. Nǹkan bí 40 nínú wọn ló kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan wà níbẹ̀ tó fojú ara rẹ̀ rí i. Samuel Ajayi Crowther ni, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 1854, Laird tún gbé ọkọ̀ mìíràn kalẹ̀. Pleiad ni orúkọ rẹ̀, tọ́ọ̀nù 260, irin ni, propeller ló sì ń tì í. Ẹ wo bó ṣe kó ohun tí wọ́n ti fi iyán ara kọ́ láti ọdún 1832 jọ sójú kan. Ìdí ọkọ̀ kò rì jù. Kò sí kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí igi lè fọ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni àwọn tó wà nínú rẹ̀: òyìnbó 12 péré, àti ọmọ Áfíríkà tó lé ní 50. Àwọn wọ̀nyí ló tukọ̀, tó kó igi iná, tó wọn jíjìn omi, tó gbọ́ èdè àwọn ará etí odò. Crowther wà láàárín wọn.

Dókítà William Balfour Baikie ló ṣe olórí ìrìn-àjò náà. Kò dúró kí ibà mú ènìyàn kó tó fún un lóògùn. Ó ń fún àwọn òyìnbó náà ní kúníìnì kí ibà tó dé. Wọ́n lo ọjọ́ 118 lórí odò, wọ́n gun Benue kọjá ibi tí ọkọ̀ òyìnbó kankan dé rí, ibà kò sì pa òyìnbó kan ṣoṣo nínú wọn.

Níbi tí mo ti ka èyí ni mo ti dúró ronú. Ọkọ̀ Laird ti dára láti ọdún 1832, síbẹ̀ ènìyàn 39 kú. Ohun tó kù kò sí lára irin rárá. Ó wà nínú èèpo igi tí wọ́n fi ṣe kúníìnì, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tó mọ odò àti èdè. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n kan kò la odò já.

Ọkọ̀ mìíràn, Dayspring, tẹ̀ lé e ní ọdún 1857, Crowther tún bá a lọ. Ní oṣù Kẹwàá, ó lọ gbá òkúta nítòsí Jẹ́bà, ó sì fọ́. Irin náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó yè, John Glover, fi ẹsẹ̀ rìn gba ilẹ̀ Yorùbá dé Èkó láti lọ wá nǹkan tí wọn yóò lò. Ọkùnrin yìí kan náà ló padà wá di gómìnà Èkó.

Ọkọ̀ lẹ́tà tó ń bọ̀ lóṣooṣù

Iṣẹ́ Laird tó pẹ́ jù kì í ṣe lórí odò. Ní ọdún 1852, ó dá African Steam Ship Company sílẹ̀, ìjọba sì gbé iṣẹ́ kíkó lẹ́tà fún un. Lóṣooṣù ni ọkọ̀ ẹlẹ́rọ rẹ̀ ń gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń yà ní Sierra Leone, ní Accra, ní Èkó, títí dé Calabar àti Fernando Po.

Kí ìyẹn tó dé, ẹni tó bá fẹ́ kó epo lọ sí Liverpool ní láti ní ọkọ̀ tirẹ̀ tàbí kó tẹrí ba fún ẹni tó ní ọkọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, oníṣòwò kékeré lè san owó ẹrù fún ìwọ̀nba àgbá epo tó ní. Àwọn Sàró, àwọn tó bọ́ lóko ẹrú tí wọ́n padà sílé láti Sierra Leone, wà lára àwọn tó lo àǹfààní yìí ní Èkó. Epo pupa tí àwọn ìyá wa fún ló di ọṣẹ tí wọ́n fi ń wẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun náà ni wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ àti kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ojú irin wọn kó má baà máa ha.

Ilẹ̀kùn tí Laird ṣí

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó lè gbé àgbá epo lè gbé ìbọn ńlá. Ilé-iṣẹ́ ìdílé Laird náà ló kan Nemesis, ọkọ̀ ogun onírin tí ìdí rẹ̀ kò rì, tí wọ́n fi wọ àwọn odò China láti fi jagun lẹ́yìn ọdún 1840. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun ẹlẹ́rọ Bloodhound àti Teazer wọ inú ọ̀sà Èkó. Àwọn ọkọ̀ ogun ńlá kò lè kọjá ẹnu ọ̀sà nítorí omi kò jìn níbẹ̀. Àwọn méjì yìí kọjá. Wọ́n ju ọta lu ìlú, Ọba Kósọ́kọ́ sì sá kúrò lórí ìtẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi tí kò jìn yẹn ti jẹ́ odi Èkó. Ọkọ̀ tuntun sọ odi náà di ẹnu ọ̀nà.

Lórí Odò Ọya náà, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yọ̀ mọ́ Laird. Àwọn ará Delta tó ń ra epo láti òkè odò tí wọ́n ń tà á fún òyìnbó létí òkun rí i pé ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ fò wọ́n dá. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò òyìnbó kan tó ti jókòó sí etíkun tipẹ́ náà kò fẹ́ kó yọrí.

Kò rí ìparí rẹ̀. Ó kú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1861, kété lẹ́yìn tó lé ní àádọ́ta ọdún. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Lẹ́yìn náà ni Royal Niger Company gba Odò Ọya, nígbà tó sì di ọdún 1900, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Laird kórìíra òwò ẹrú tọkàntọkàn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé ọ̀nà tó là sílẹ̀ ni àwọn tó gba ilẹ̀ wa tọ̀ wá.

Ohun tó kàn wá nínú rẹ̀

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lẹ́tà rẹ̀ kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bọ́ sábẹ́ Elder Dempster. Ẹ béèrè orúkọ yẹn lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé yín. Láti ọdún 1951, ọkọ̀ Elder Dempster kan tó ń jẹ́ Aureol ń ná Èkó sí Liverpool, òun sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀. Wọ́n gbé gàárì àti ata gígún sínú àpótí onírin, àwọn ẹbí wọn dúró létí omi ní Àpápá, wọ́n ń juwọ́, wọ́n ń sunkún. Ọ̀nà tí Laird là fún epo pupa ni àwọn bàbá àgbà àti ìyá àgbà wa gbà jáde lọ sáyé. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà ní Bowie, ní Lanham àti ní Hyattsville kò bá má sí níbí ká ní wọn kò kọ́kọ́ rìn ín.

Ọ̀rọ̀ jíjìn omi kò sì tíì tán. Lónìí, ọkọ̀ ti tóbi ju ohun tí ọ̀sà Èkó lè gbà lọ. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ èbúté tuntun sí Lẹ́kí, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1623 + 400, ìyẹn 2023, létí òkun gan-an níbi tí omi ti jìn.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní College Park àti láwọn ibòmíràn. Ohun tí mo rí kọ́ lára Laird ni pé kì í ṣe ọkọ̀ ló kọ́kọ́ rò. Odò ló kọ́kọ́ wò, ó wá kan ọkọ̀ tó bá odò náà mu. Nígbà tí àwọn ènìyàn kú, ó gbà pé ọkọ̀ nìkan kò tó, ó sì tún un ṣe. Ibi tí tirẹ̀ kù sí ni pé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti pinnu ẹni tí yóò gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé lẹ́yìn òun. Ẹni tó bá ń ṣe nǹkan tuntun lónìí, ì báà jẹ́ ọkọ̀, ì báà jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè ìyẹn kó tó gbé e sójú omi.

Nígbà mìíràn tí ẹ bá ń kọjá lórí afárá Bladensburg, ẹ yọjú wo odò náà. Ẹ wo bí omi rẹ̀ ṣe mọ níwọ̀n. Ìwọ̀nba omi báyìí ló pa èbúté kan níbí, òun náà ló sì dáàbò bo Èkó títí di ọdún 1851.